Ìṣirò ìpìlẹ̀ ni kí n ṣe ni, tàbí ìṣirò ìmúlò? Ìdáhùn sí olùkọ́ kan ní Kétu

Lẹ́tà kan wá bá mi láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dọ́bìnrin tó kọ ọ́ ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba licence nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì Abomey-Calavi, ọdún kẹta sì rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní CEG kan, ilé ẹ̀kọ́ girama, nílùú wa. Mo fẹ́ padà lọ ṣe master. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mi àtijọ́ ní ẹni tí orí rẹ̀ pé ni ń ṣe ìṣirò pọ́ńbélé, pé ìmúlò wà fún àwọn tí kíkọ ẹ̀rí ìṣirò ń dẹ́rù bà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Kútọnu ní pọ́ńbélé kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn, pé kí n má fi ọdún méjì ṣòfò. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ṣé kò sì tíì pẹ́ jù fún mi báyìí?”

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Ohun tí o béèrè ni èwo ni kí o yàn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí pé kò jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ ni ìbẹ̀rù pé bí o bá ṣi ọ̀kan mú, ìlẹ̀kùn èkejì yóò tì mọ́ ọ lójú títí láé. Àwọn méjèèjì tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ló fi ìbẹ̀rù yẹn sí ọ lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Olùkọ́ rẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ìdánwò ọgbọ́n orí ni yíyàn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí ẹ̀kọ́ yìí, nílé níbí àti lókèèrè, n kò sì tíì bá ẹnìkan pàdé tí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣàpèjúwe ìgbésí ayé rẹ̀ dáadáa.

Jẹ́ kí n ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ ló dá apá kan nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀. Ní òdìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn ìbátan wa ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò túmọ̀ sí èyí tí kò ní àbùlà, ibẹ̀ ni pọ́ńbélé ti wá. Bí a bá sì ti pe ọ̀kan ní aláìlábùlà, kò ní pẹ́ tí èkejì yóò fi dà bí èyí tí wọ́n bomi là. Ṣùgbọ́n ní èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ èmi àti ìwọ, mathématiques fondamentales ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìṣirò ìpìlẹ̀, n kò sì mọ ẹni tó ń kọ́lé tí í jókòó ro ó bóyá ìpìlẹ̀ ni òun fẹ́ tàbí ilé. Ìṣirò ìpìlẹ̀ ni n ó máa pè é láti ibí lọ. Ohun tó ń wá ni ìdí tí nǹkan fi gbọdọ̀ rí bó ti rí, yálà nínú nọ́ńbà, nínú àwòrán tàbí nínú àyè. Ìṣirò ìmúlò ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè tó wà níta, omi ni o, àrùn ni o, owó ni o, ó sì ń gbé e wá sí ibi tí a ti lè ṣírò rẹ̀.

N ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣàlàyé. Mú ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń lò, fi í sí radian (ọ̀nà kan tí a ń gbà wọn igun), tẹ 1, kí o wá máa tẹ cos léraléra. Wàá rí 0,5403, lẹ́yìn náà 0,8576, lẹ́yìn náà 0,6543, 0,7935, 0,7014, 0,7640. Ó ń fò sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n fífò rẹ̀ ń kúrú sí i. Nígbà tí o bá fi máa tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà 40, 0,739085 ni wàá bá lójú ẹ̀rọ náà, bí o sì tẹ̀ ẹ́ dòru, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn kò ní yí padà mọ́. Ẹni tó bá wo èyí tó sì béèrè pé kí ló dá a dúró, ṣé ibòmíràn wà tó tún lè dúró sí, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 50 dípò 1 ńkọ́, ẹni yẹn ti wà nínú ìṣirò ìpìlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú tẹ́ọ́rẹ́ẹ̀mù, ìyẹn òtítọ́ tí a ti fi ẹ̀rí múlẹ̀, tí Stefan Banach, ará Pólàǹdì, tẹ̀ jáde ní 1922: bí ìṣe kan bá ń sún nǹkan méjì yòówù mọ́ ara wọn nígbàkúgbà tí a bá ṣe é, ní ìwọ̀n kan tí ó kéré sí 1, nínú àyè tí kò ní ihò, ibì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ìṣe náà kò ní ṣí nípò, ibikíbi tí a bá sì ti gbéra, ibẹ̀ la ó já sí. Láàárín 0 àti 1, cos ń sún nǹkan mọ́ra ní ìwọ̀n tí kò tó 0,85. Ìdí nìyẹn tó fi dúró, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè dúró síbòmíràn.

Ẹlòmíràn yóò wo ojú ẹ̀rọ kan náà, yóò sì béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa tẹ̀ ẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́fà tó dá mi lójú, ṣé kò sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ? Ìṣirò ìmúlò nìyẹn. Èsì rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó ń kún un lẹ́yìn kọ́mà ń gbà tó ìtẹ̀ 6, àti pé ọ̀nà Newton, bí a bá gbéra láti 1 kan náà, ìgbésẹ̀ 3 péré ni yóò fi débẹ̀: 0,750364, 0,739113, 0,739085. Bọ́tìnì kan ló bí ìbéèrè méjèèjì. Ẹni kejì kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdáhùn òun péye bí kò bá sí ẹ̀rí ẹni àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́ọ́rẹ́ẹ̀mù Banach yìí gan-an ni a fi ń fìdí tẹ́ọ́rẹ́ẹ̀mù Cauchy-Lipschitz tí o kọ́ ní licence múlẹ̀, ìyẹn èyí tó sọ pé ìdọ́gba tó ń ṣàpèjúwe bí nǹkan ṣe ń yí padà ní ojútùú, àti pé ojútùú náà jẹ́ ẹyọ kan. Gbogbo ẹni tó ń fi irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ tọpa àrùn tàbí èrò tó ń pọ̀ sí i nílùú, orí rẹ̀ ló dúró sí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ pé ìmúlò wà fún ẹni tí ẹ̀rí ń dẹ́rù bà, mo ti fi ara mi rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ doctorat mi, mo kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà láti fi tọpa omi odò Ouémé nígbà tó bá kún. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, mọ ohun tí mò ń sọ: ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, omi òjò tó ti rọ̀ lókè ọ̀hún, lọ́nà Ṣábẹ àti kọjá ibẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ wá, á bo oko àti ọ̀nà ní Aguégués àti ní Dangbo kí ó tó wọ ọ̀sà. Ìdọ́gba tí Saint-Venant gbé jáde ní 1871 fún omi tó ń ṣàn ni mo lò. Mo pín ojú odò náà sí yàrá yàrá, mítà 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí ẹ̀rọ máa ṣírò gíga omi ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, 30. Kò pẹ́ rárá tí gíga omi fi wọ abẹ́ òdo, bí ẹni pé ihò ló wà nínú omi. Lẹ́yìn náà ó di òkè gọbọi, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ kò rí nọ́ńbà kankan kọ mọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ka ètò náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mò ń wá àṣìṣe ìkọ̀wé tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta, Courant, Friedrichs àti Lewy, ti kọ ní 1928. Nínú omi tó jìn ní mítà 4, ìgbì ń sáré ní mítà 6 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá 16 péré ló fi ń la yàrá onímítà 100 já. Èmi sì fún un ní 30. Ìgbì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la yàrá méjì kọjá kí ìṣirò mi tó bojú wo yàrá àkọ́kọ́. Mo dín in kù sí 10, ara omi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní bèbè, níbi tí omi ti pàdé ilẹ̀ gbígbẹ, nọ́ńbà abẹ́ òdo ṣì ń yọjú, ó sì di dandan kí n padà sídìí ìwé kí n kọ́ irú ọ̀nà ìṣirò tí a lè fi ẹ̀rí hàn pé kò ní jẹ́ kí gíga omi wọ abẹ́ òdo láé. Bí ẹ̀rí bá ti ń dẹ́rù bà mí nígbà yẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìmúlò mi ìbá parí sí. Ìdọ́gba Saint-Venant yìí kan náà tún ní ìwà mìíràn: ojútùú rẹ̀ lè ya lójijì, kí omi dìde bí ògiri, lẹ́yìn èyí a ó rí ju ojútùú kan lọ tó bá ìdọ́gba mu lórí ìwé. Èwo nínú wọn ni omi gidi yóò tẹ̀ lé? Ọwọ́ àwọn onípìlẹ̀ ni a ti ń gba ìdáhùn yẹn.

Ní ti ètò ẹ̀kọ́ gan-an, o mọ̀ pé licence ọdún mẹ́ta, master ọdún méjì àti doctorat ọdún mẹ́ta ni à ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ doctorat ń gbà ju mẹ́ta lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ, tí ó sì yẹ kí wọ́n ti sọ, ni pé ní ọdún àkọ́kọ́ master, ohun tí àwọn ẹ̀ka méjèèjì ń kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn délẹ̀: intégrale Lebesgue, ànálíìsì lórí àyè Banach àti ti Hilbert, tọpọ́lọ́jì, álíjẹ́bírà, ìṣirò ìṣeéṣe, ìdọ́gba ìyípadà. Ọdún kejì ni ọ̀nà ń yà, mémoire, ìyẹn ìwé iṣẹ́ ìwádìí tí a fi ń parí master, ló sì ń yà á. Àní lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ènìyàn ń ré kọjá. Nídìí jiọ́mẹ́tírì ni mo ti ṣe mémoire tèmi, omi ni mo sì bá jáde. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́: kíkọjá láti ìpìlẹ̀ sí ìmúlò rọrùn ju kíkọjá láti ìmúlò sí ìpìlẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣeé fi oṣù díẹ̀ kọ́, àmọ́ àṣà kíkọ ẹ̀rí ń pẹ́ kí ó tó mọ́ ènìyàn lára. Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá pín sí méjì lóòótọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o wá ibi tí ànálíìsì ti pọ̀, ànálíìsì àti ìṣirò ìṣeéṣe papọ̀. Àárín méjèèjì nìyẹn wà, láti ibẹ̀ ni o ti lè yíjú sí ibi tó bá wù ọ́ nígbà tí o bá ti mọ ara rẹ dáadáa sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́ nípa iṣẹ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì kò pọ̀ nílẹ̀ wa, kì í sì í yọ lọ́dọọdún. Nígbà tó bá yọ, àti nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 tó sì ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò fún ìgbéga, iṣẹ́ tí o ti tẹ̀ jáde ni wọ́n máa wò, ní ẹ̀ka yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí báǹkì kan ní Kútọnu tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ torí pé ìmúlò ló wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ. Ẹni tó lè to ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ owó, tó mọ ìṣirò ìṣeéṣe àti sítátísíìkì, tó lè fi èdè kọ̀ǹpútà bíi Python tàbí R ṣiṣẹ́, tó sì lè kọ ohun tó rí sílẹ̀ kí ọ̀gá tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lóye rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fi ọdún méjì ṣírò omi odò kò tíì ní gbogbo ìyẹn lọ́wọ́, ẹni tó bá ṣe ìpìlẹ̀ náà kò ní in. Àwọn méjèèjì yóò ní láti tún un kọ́. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ báǹkì gan-an ni o ń fẹ́, má ṣe gba inú master ìṣirò yí ká lọ síbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ sítátísíìkì bíi ENSEA ní Abidjan ni kí o kọjú sí tààrà. Àmọ́ n kò rí ọ̀rọ̀ báǹkì nínú lẹ́tà tìrẹ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn.

Ibi tí o ti lè kà á kò jìnnà. IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìṣirò àti físíìsì, wà ní Dangbo, lẹ́bàá Àjàṣẹ́ níbí. Ní 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Jean-Pierre Ezin ló ṣáájú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ICTP, ibùdó ìwádìí físíìsì àti ìṣirò tí Abdus Salam, ará Pakistan, dá sílẹ̀ ní Trieste ní Ítálì ní 1964. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ibùdó ẹ̀kọ́ tó ta yọ ní Áfíríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá síbẹ̀. Láti Kétu, o ó gba Pobè àti Sakété wá, kì í ṣe ìrìn tí a ń lọ tí a ń bọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà fi owó ilé kún ìṣirò rẹ. ICTP fúnra rẹ̀ ní ètò ọdún kan ní Trieste fún àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa. AIMS, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003 tó sì dé Mbour ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 2011, máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sínú ọgbà, ó sì dára fún ẹni tí kò tíì mọ ẹ̀ka tó fẹ́, torí oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ kúkúrú ni wọ́n ń tọ́ wò níbẹ̀. Ìbàdàn náà kò jìnnà sí ẹni tó wà ní Kétu, èdè ìlú kò sì ní í ṣòro fún ọ, ṣùgbọ́n kí o tó san owó kankan, béèrè nílé níbí bí wọn yóò ṣe ka ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ sí. Ibi yòówù tí o bá lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣirò lédè Gẹ̀ẹ́sì nísinsìnyí, nítorí òun ni wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìwádìí.

Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ju yíyan ẹ̀ka lọ ni olùdarí tí kò bá ọ mu. Ẹni tó darí mémoire master mi, ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, fún mi ní ìbéèrè kan tí mo fi oṣù mẹ́jọ jà. Ní oṣù kẹjọ ni mo rí i lórí arXiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn sí, pé àwọn méjì ti dáhùn rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n èmi náà kò wá a nígbà tó yẹ. Ọ̀fẹ́ ni arXiv láti 1991, zbMATH, àkójọ àwọn iṣẹ́ ìṣirò tó ti jáde, náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2021. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní ìbéèrè ni kí o ti fi orúkọ rẹ̀ wá inú méjèèjì. Kí o tó gba olùdarí, ka iṣẹ́ méjì tó tẹ̀ jáde láìpẹ́, kí o sì bi àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀ léèrè ọdún mélòó ni wọ́n lò àti ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jókòó tì wọ́n lóṣù. Bí mo bá ní láti yàn láàárín ẹ̀ka tí mo fẹ́ pẹ̀lú olùdarí tí kì í sí nílé, àti ẹ̀ka kejì pẹ̀lú ẹni tó máa ka ohun tí mo bá kọ, ẹ̀ka kejì ni n ó mú.

Ó ku ìbéèrè rẹ bóyá ó ti pẹ́ jù. Ọdún mẹ́ta kò pẹ́. Mo ti rí ẹni tó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó sì gba doctorat rẹ̀. Ohun tó ti dípẹtà lára rẹ ni ọwọ́ tí o fi ń kọ ẹ̀rí, nítorí láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ o ń fi bí a ti ń wá ojútùú han àwọn ọmọ, kò sí ẹni tó ń bi ọ́ léèrè ìdí tí ojútùú náà fi gbọdọ̀ wà. Wákàtí kan lálẹ́ fún oṣù mẹ́fà tó láti mú un padà. Láti inú lẹ́tà kan, n kò lè rí máàkì rẹ, n kò sì lè mọ̀ bóyá ilé lè fara dà á kí owó oṣù rẹ dáwọ́ dúró fún ọdún méjì. Ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ ni kí ẹ jọ jókòó lé ìyẹn lórí, kí o sì fi iye owó gidi síwájú wọn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, mú ìwé òfìfo, kọ ẹ̀rí Cauchy-Lipschitz láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé kankan. Bí ọwọ́ rẹ bá dúró níbi tí o ti ní láti fi hàn pé àyè náà kò ní ihò, tọpọ́lọ́jì ni kí o kọ́kọ́ tún kà. Bó bá dúró níbi tí o ti ń díwọ̀n bí fonction méjì ṣe jìnnà síra, ànálíìsì ni. Bí o bá sì kọ ọ́ tán, tí o wá rí i pé ohun tó ń wù ọ́ láti mọ̀ ni bí a óò ṣe ṣírò ojútùú náà gan-an, tàbí pé ohun tó ń wù ọ́ ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn májẹ̀mú rẹ̀, kọ ìyẹn náà sí ìsàlẹ̀ ìwé. Fi í ránṣẹ́ sí mi, ìbáà parí, ìbáà má parí. N ó kà á, n ó sì fi bírò pupa sí i.